Òdòdó Kún Ọgbà, Owó Ò Sí Lápò: Bí Ọlọ́gbà Òdòdó Ṣe Lè La Ọ̀dá Owó Já

Nínú ọyẹ́ ọdún kan báyìí ni mo yà sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà Kubwa. Ará Kàbbà ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbin igi fáwọn onílé Àbújá. Eruku ti bo gbogbo ewé ọgbà náà. Mai ruwa kan, ìyẹn ọmọ tó ń ta omi kiri, dúró síwájú wọn pẹ̀lú ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi, kò já ẹyọ kan sílẹ̀. Owó ọjọ́ mẹ́ta ló ń bèèrè. Bàbá ń bẹ̀ ẹ́ ní Haúsá, ọmọ náà ń mi orí. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn bàbá níbi tí wọ́n dúró sí, ogójì royal palm, ọ̀pẹ ọ̀ṣọ́ nì, ló tò lọ gbọọrọ, èyí tó kéré jù nínú wọn ga jù mí lọ. Ká ní ẹnì kan wá kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, owó tí yóò san á ra omi ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò yà, bàbá ò sì ní owó omi ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ là yé yín. Bí nǹkan bá le, ohun tí àwa ọlọ́gbà òdòdó máa ń sọ ni pé "ọjà ò tà." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì débi tí ọ̀rọ̀ wà. Owó wa ló ti di igi, igi náà sì ń mu omi lójoojúmọ́, yálà ó tà tàbí kò tà. Ẹni tó ń ta páànù, bí ọjà bá dákẹ́, ó lè ti ṣọ́ọ̀bù kó lọ sùn nílé. Páànù ò ní bèèrè oúnjẹ. Aláṣọ á ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí. Àwa ò lè ká òdòdó bí ixora. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá yé, á rí i pé ewu iṣẹ́ wa yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọjà, ọ̀nà tí a ó gbà dènà rẹ̀ náà sì yàtọ̀.

Láti 2011 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn mai ruwa àdúgbò wa ò mọ orúkọ mi, Hajiya Fúláwà ni wọ́n ń pè mí. Ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí rọ́ sẹ́yìn ní 2016, ó tún rọ́ sẹ́yìn ní 2020, méjèèjì ló bá mi nínú ọgbà. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, owó ni mo fi kọ́ ọ.

Ọ̀dá owó kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Wọ́n á gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á mọ bílọ́ọ̀kù dókè, wọ́n á kan páànù, wọ́n á rẹ́ ilé, wọ́n á kun ọ̀dà, wọ́n á tẹ́ ìntálọ́ọ̀kì. Ìgbà tí gbogbo èyí bá parí ni onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè ẹni tó máa bá òun gbin òdòdó àti koríko. Àwa là ń gbẹ̀yìn dé ibi iṣẹ́. Nítorí náà, bí owó bá wọ́n nílùú, ẹni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára. Tiwa á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, nígbà mìíràn ó lè tó ọdún kan.

Pípẹ́ yìí ló tàn mí jẹ ní 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, lítà epo tí à ń rà ní nǹkan tí kò tó ₦200 ti di ₦537 l'Ábùjá. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ lọ́jà, ó sì já wálẹ̀. Gbogbo ìlú ń pariwo. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà tèmi, ọjà ń tà. Òjò rọ̀ dáadáa, àwọn oníbàárà ń wá, mo wá sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn wá. N kò rò ó pé ilé tí wọ́n ti kan páànù rẹ̀ kí epo tó wọ́n ni mo ṣì ń gbin òdòdó sí. Mo yáa gbin kún un. Nígbà tí 2024 dé, mo ní igi tó pọ̀ jù tí mo ti ní rí, kò sì sí ilé tó máa gbà á, torí ọ̀pọ̀ ilé tó yẹ kó parí lọ́dún náà ti dúró sórí bílọ́ọ̀kù láti ọdún tó ṣáájú.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní báyìí, bí mo bá ń kọjá ní Lugbe tàbí ní Karsana, ìpìlẹ̀ tuntun ni ojú mi ń wá. Mo tún máa ń yà ní ọjà Dei-Dei, níbi tí wọ́n ti ń ta èlò ìkọ́lé, mo á bi àwọn tó ń ta irin àti páànù bí ọjà ṣe rí. Bí ọjà Dei-Dei bá dákẹ́ lónìí, ọgbà mi á dákẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀yẹn á ti dín iye tó ń gbìn kù ṣáájú kí oníbàárà tó dín kù.

Èrè tó ń jẹ ojú owó

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan ṣe é, kẹ́ ẹ sì fi iye ti àdúgbò yín rọ́pò tèmi. Ká ní ẹ gbin ixora 100. Ọ̀rá dúdú, ilẹ̀ dúdú, ìgbẹ́ adìẹ àti owó ẹni tó di ilẹ̀ sínú ọ̀rá gba ₦30,000. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án, omi díẹ̀ (òjò ló bá yín gbé èyí tó pọ̀), oògùn kòkòrò àti owó ọmọ iṣẹ́ tó kan wọ́n gba ₦25,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦55,000.

Ọ̀pọ̀ wa á wá fi 100 pín in, á ní ₦550 lòun ná lórí ẹyọ kan. Àṣìṣe wà níbẹ̀. Gbogbo igi kọ́ ló ń yè. Ikán á jẹ díẹ̀, díẹ̀ á rà nídìí, ewúrẹ́ á wọlé lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ lọ kírun Jímọ̀. Ká ní 20 kú. Igi 80 ló gbọ́dọ̀ ru owó 100, ẹyọ kan sì di nǹkan bí ₦690. Ẹ tà á ní ₦800. Gbogbo 80 tà, ₦64,000 wọlé, ẹ rí èrè ₦9,000, ẹ dúpẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú nìyí. Ẹ padà lọ ra ẹrù láti gbin 100 mìíràn. Ọ̀rá ti gbówó lórí. Tipper tó ń kó ilẹ̀ dúdú wá ti gbówó lórí torí dísù. Ọmọ iṣẹ́ ní owó ọkọ̀ òun ti di ìlọ́po. Ohun tí ẹ fi ₦55,000 ṣe lẹ́ẹ̀kan, ₦80,000 ló ń gbà báyìí. ₦64,000 ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ti jẹ èrè ₦9,000 lórí ìwé, àmọ́ ẹ ò lè gbin 100 mọ́. 80 ni owó yín máa gbìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á tún dín sí i. Ọgbà á máa kéré sí i, olówó rẹ̀ á sì máa sọ pé òun ń jèrè. Mo mọ ẹni tó ti ọgbà rẹ̀ pa ní Gwarimpa báyìí, tí kò fi ọjọ́ kan tà ní àdánù gẹ́gẹ́ bí ìwé tirẹ̀ ti wí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, iye tí ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, kéde fún bí ọjà ṣe gbówó lórí láàárín ọdún kan jẹ́ 34.80%. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ₦1,000 ń rà lọ́dún tó ṣáájú ti ń gba ₦1,348. Lásìkò bẹ́ẹ̀, ẹ má fi iye tí ẹ fi gbin igi dá iye tí ẹ ó tà á. Ẹ fi iye tí yóò gbà yín láti gbin òmíràn dípò rẹ̀ dá a. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦80,000 pín sí ọ̀nà 80 jẹ́ ₦1,000. Ibẹ̀ ni èrè ti bẹ̀rẹ̀. ₦800 tí à ń tà tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀nà tí à ń gbà fi ojú owó wa tọrẹ fún oníbàárà.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Bí mo bá pe ₦1,000, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì." Àwọn kan á lọ lóòótọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ní igi kan náà nínú ọ̀rá kékeré, èyí tí mo fi oṣù méjì tọ́ dípò márùn-ún, tí mo lè tà ní iye tó rọrùn láìjẹ ojú owó. Ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ á ra kékeré, á lọ tọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Iye tí igi kan ń mu

Ìṣirò kejì yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé sọ́kàn jù, torí ẹ̀ẹ̀rùn ibí yìí kì í ṣe ti Èkó tàbí ti Ìbàdàn. L'Ábùjá, bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, ó lè di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin kí òjò tó padà. Ká ní igi 500 wà nínú ọgbà yín, ẹ sì ń bu lítà omi kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Lítà 500 nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 20. Ká ní mai ruwa ń gba ₦150 lórí kẹ́ẹ̀gì. ₦3,000 lójúmọ́. Ẹ pín in sórí igi 500: igi kan ń mu ₦6 lóòjọ́. Ó jọ pé kò tó nǹkan. Ẹ wá fi bí ọjọ́ 150 sọ ọ́ di púpọ̀, láti oṣù kọkànlá dé ìparí oṣù kẹta. ₦900 ni.

Ixora tí ẹ ń ta ₦800 tàbí ₦1,000, tí kò tà kí òjò tó dá, á mu omi ₦900 kí òjò tó padà. Ẹ ó ti rà á lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ mai ruwa.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ta àwọn igi kan ní ẹ̀dínwó ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa bú mi pé mò ń ba ọjà jẹ́. Ẹni tó ta ixora rẹ̀ ní ₦600 ní ìparí oṣù kẹwàá ti jèrè ju ẹni tó gbé e dé oṣù kẹrin tó tà á ní ₦1,000. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án, mo máa ń rìn yí ọgbà ká pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì funfun. Igi tí ọjọ́ orí ń fi owó kún, bíi royal palm, igi masquerade àti dàbínù, mo á fi wọ́n sílẹ̀ bí n bá ní owó omi wọn. Igi tí mo mọ ẹni tó ń bọ̀ wá rà á, mo á fi í sílẹ̀. Gbogbo ìyókù, mo á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀rá wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kí òjò tó dá. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ìwé àti àwọn alámòójútó ẹ́síteètì ni mo ń pè. Wọ́n ń ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan bí owó bá rọjú, òjò tó kù nílẹ̀ á sì bá wọn fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ta ìyá igi. Ixora, croton, hibiscus, yellow bush, gbogbo wọn la lè gé ẹ̀ka wọn kó hù. Bí ẹ bá fi ìyá igi mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀ nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, tí ẹ gbìn wọ́n sílẹ̀ lábẹ́ òjìji dípò inú ọ̀rá, omi tí wọ́n ń mu ò tó nǹkan, àmọ́ bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ ó gé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀ka lórí wọn. Àwọn ìyá igi yẹn ni ọgbà gan-an. Àwọn tó wà nínú ọ̀rá, ọjà lásán ni.

Ní ti omi fúnra rẹ̀: ẹ kó ọ̀rá jọ kí wọ́n fara kanra, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo ẹ̀pà bo ojú ilẹ̀ wọn, ẹ máa bomi lálẹ́ dípò ọ̀sán. Ẹni tó ní bòhóòlù náà, kó má rò pé omi òun jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé mai ruwa lẹ san án fún.

Ọjọ́ mélòó lẹ lè dúró?

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ti Àbújá, Èkó àti Ògùn pa nítorí kòrónà. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ọjọ́ 35 gbáko, lásìkò òjò àkọ́rọ̀ gan-an, ìgbà tí ọjà ọdún wa máa ń ṣí. Owó tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n ti ìlú, nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà, kò lè gbé ọgbà náà ju ọjọ́ 11 lọ. Mo ta jẹnẹrétọ̀ mi ní ìdajì iye rẹ̀. Mo ṣì sọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta igi mi nù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní nọ́ńbà kan tí mo ń kọ sára ògiri ṣẹ́ẹ̀dì. Ẹ ka gbogbo ohun tó ń jáde lóòjọ́, ọjà tà o, ọjà ò tà o: omi, owó ọmọ iṣẹ́, owó ilẹ̀, owó ọlọ́dẹ. Ká ní ₦6,000 ni. Ẹ ka owó tó wà lọ́wọ́ gan-an, kì í ṣe owó tí ẹnì kan jẹ yín, kì í ṣe iye tí igi yín tó. Ká ní ₦180,000 ni. Ẹ fi àkọ́kọ́ pín èkejì: ọjọ́ 30. Iye ọjọ́ tí ọgbà yín lè wà láàyè láìta ohunkóhun nìyẹn. Ọjọ́ 30 ò tíì tó ọjọ́ 35 ti kòrónà. Èmi fẹ́ kó tó 60 kí oṣù kẹwàá tó parí, torí ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀ tí owó omi á lọ sókè tí ọjà á sì lọ sílẹ̀. Nínú òjò, 30 tó fún mi.

Ibi tí owó náà wà ṣe pàtàkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó bébà, owó wà ní báńkì mi, àmọ́ n kò rí bébà náírà tí n ó fún mai ruwa, òun ò sì ní àkáǹtì nígbà náà. Nítorí náà, owó omi ọ̀sẹ̀ kan máa ń wà nílé. Ìyókù wà ní báńkì. Láti 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí a fi sí báńkì, ti gbé iye tí wọ́n máa san padà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, bí báńkì bá kógbá wọlé, sókè dé mílíọ̀nù 5 náírà fún àwọn báńkì ńlá, mílíọ̀nù 2 fún báńkì kéékèèké tí à ń pè ní microfinance. Àwọn tó ń ṣèlérí pé àwọn á sọ owó di ìlọ́po lóṣù kan kò sí nínú ètò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó omi ẹ̀ẹ̀rùn ṣe é.

Owó tí kò dúró de oníbàárà

Èyí tó gbà mí là ní 2024 kì í ṣe igi títà. Ìtọ́jú ọgbà onílé ni. Mo lọ bá àwọn tí mo ti gbin òdòdó fún lọ́dún tó kọjá, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa rán ọmọ wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù láti gé koríko, gé ẹ̀ka, fi ìgbẹ́ adìẹ sí i, fún oògùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tí kò lè ra òdòdó tuntun ni kò fẹ́ kí èyí tí wọ́n ti náwó lé lórí kú. Ilé mẹ́rin ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó di mẹ́tàdínlógún. Owó náà kò pọ̀ lójú ẹyọ kan, àmọ́ ó ń wọlé ní ìparí oṣù, mo sì fi ń san owó ọmọ iṣẹ́ láìfọwọ́ kan owó omi. Bákan náà ni yíyá igi inú ìkòkò fún ìnáwó àti fún ọ́fíìsì: igi kan náà lè lọ síbi ìgbéyàwó mẹ́fà, kó sì padà wálé. Ẹ gba owó ìdúró ṣáájú, kí èyí tó bá ṣẹ́ má di tiyín.

Igi eléso náà ń tà nígbà tí òdòdó ò tà. Ẹni tí ebi ń pa ò ní ra masquerade, àmọ́ ó lè ra máńgòrò tí wọ́n lọ́ mọ́ igi mìíràn, tó máa tètè so, tàbí ìbẹ́pẹ, tàbí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ ra irúgbìn àti ẹ̀ka ìlọ́ níbi tó dájú. Àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba, NIHORT n'Íbàdàn, ti èso àti ewébẹ̀, àti NIFOR ní ẹ̀bá Benin, ti ọ̀pẹ, wà fún irú ẹ̀. Oníbàárà tó dúró ọdún mẹ́rin de ọsàn tó so kíkan kò ní gbàgbé ẹni tó tà á fún un. Mo fẹ́ kì yín nílọ̀ síbẹ̀: bí nǹkan bá le, gbogbo wa la máa ń sáré sórí igi eléso kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún kan wà tí gbogbo ọgbà tó wà lójú ọ̀nà wa gbin moringa. Ọ̀fẹ́ la fi ń pín in nígbà tó yá.

Àwìn, gbèsè àti ìwé

Ní 2022, kọngílá kan kó ixora 300 àti ọ̀pẹ 60 lọ́wọ́ mi fún ẹ́síteètì kan. Ó san ìdá kan nínú mẹ́ta, ó ní bí wọ́n bá ti sanwó fún òun, òun á san ìyókù. Wọn ò sanwó fún un. Iṣẹ́ dúró. Nígbà tí mo débẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì láti kó igi mi padà, wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ bí igi ìdáná. Èmi ni mo gbẹ́kẹ̀ mi lé oníbàárà kan ṣoṣo, tí mo kọ àwọn kéékèèké sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Báyìí, igi kì í jáde láìsan ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù ní ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ kí wọ́n tó já ẹrù. A ń kọ ọ́ sínú ìwé pé igi jẹ́ tèmi títí tí owó yóò fi pé, àti iye ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń dúró fún igi tó bá kú lẹ́yìn gbígbìn. Àwọn kan bínú lọ. Kò sì sí oníbàárà kan tí mo ń jẹ́ kí owó rẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ń wọlé lọ, bó ti wù kó ṣe dáadáa tó.

Ní ti owó yíyá, ẹ wo ọjọ́ tí igi máa dàgbà àti ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀, CBN, gbé ìpìlẹ̀ owó èlé dé 27.50%, èyí tí àwọn báńkì ń gbà lọ́wọ́ wa sì wà lókè rẹ̀. Àwọn tó ń yáni lówó kéékèèké ń kà á lóṣooṣù. ₦500,000 ní 4% lóṣù túmọ̀ sí ₦20,000 owó èlé lóṣù, ₦240,000 lọ́dún. Bí ẹ bá fi gbin royal palm láti kóró, ẹ ó ti san owó èlé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọ̀pẹ kan tó ga tó ènìyàn. Owó èlé dára fún ohun tó máa tà kí oṣù mẹ́ta tó pé, bíi koríko tí ẹnì kan ti san àsansílẹ̀ lé lórí. Fún ohun tó ń pẹ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló sàn jù. A dá tiwa sílẹ̀ láàárín ọlọ́gbà mẹ́sàn-án. A tún jọ ń ra ọ̀rá àti ìgbẹ́ adìẹ lọ́pọ̀, ó sì dín owó rẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò gùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa wà lẹ́bàá ọ̀nà, létí odò tàbí lábẹ́ wáyà iná ńlá, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa. Ẹ lọ bèèrè ìwé lọ́dọ̀ ẹ̀ka tó ń bójú tó pápá àti ewéko ní FCTA, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso Àbújá, ẹ má sì kọ́ ohun tí ẹ ò lè tú láàárín ọjọ́ kan. Kí ìyá igi yín ní ibì kejì, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́. Ní ti adójútòfò, NAIC tí ìjọba dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní olú ilé iṣẹ́ wọn níbí l'Ábùjá. Ẹ lọ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń bò nínú iṣẹ́ wa, ẹ ka ìwé náà kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Bó bá sì di dandan kí ẹ dín òṣìṣẹ́ kù, ẹni tó mọ igi lọ́ ni kó gbẹ̀yìn lọ. Omi bíbu ṣeé kọ́ lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ tí ó ń lọ́ máńgòrò tí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá fi ń yè, ọdún mélòó kan ló gbà.

Bàbá ará Kàbbà ta mẹ́rìndínlógún nínú royal palm wọn fún ilé ìwé kan ní Bwari, ní iye tí wọn ò fẹ́. Wọ́n san gbèsè omi, wọ́n sì mú ìyókù owó náà la ẹ̀ẹ̀rùn já. Mo yà kí wọn ní ìparí oṣù kẹwàá tó tẹ̀ lé e. Lára ṣẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n ti fi ẹfun kọ nọ́ńbà kan tóbi tóbi: 48. Mo ní, "Bàbá, ó ku méjìlá." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí ìlà croton kan tí ọ̀rá wọn ti ní àmì ṣọ́ọ̀kì funfun. "Àwọn ti ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wá kó ìyẹn lọ́jọ́ Sátidé."